Àáró Ìmọ̀ fún Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, ebi ti sọ ara rẹ̀ di àlejò tí kì í lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Nígbà tí ó di àárín ọdún 2024, àwọn tí ó ń bá ìjọba ṣírò owó ọjà sọ pé iye tí a fi ń ra oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró de ìṣirò wọn kí a tó mọ̀. Ẹni tí ó bá ra kóńgò gàrí kan ṣoṣo ní ọjà ní ọdún náà ti gbọ́ ìròyìn.

Nínú ìnira yìí ni àwọn tí kò mú ọkọ́ rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ́. Ní àdúgbò tí àwọn òbí mi ń gbé, aránṣọ kan kó iyẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó ri ẹ̀bù iṣu sí i. Awakọ̀ kan to táyà àtijọ́ léra, ó ń sin ìgbín nínú rẹ̀. Ìyàwó páítọ̀ kan sọ ẹ̀yìn balùwẹ̀ di ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe àgbẹ̀ paraku. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe gba owó, ìlú ni wọ́n sì ń gbé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí díẹ̀ nínú ohun tí ó ń wọ inú ìkòkò wọn ti ọwọ́ ara wọn wá. Àwọn ni mo ń pè ní àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nínú ọ̀rọ̀ mi yìí. Ìṣe wọn kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé kí àwọn baba wa tó rin ìrìn-àjò lọ sí oko ẹgàn, wọ́n ní oko etílé tí wọ́n ń yà sí ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsí ilẹ̀ àti àìsí owó ni ó ń fa ìjákulẹ̀ àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Èmi kò sọ pé ilẹ̀ àti owó kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti rí, ohun tí ó ń já wọn kulẹ̀ jù ni pé olúkúlùkù dá nìkan wà. Ìmọ̀ tí wọ́n nílò wà ní ilé kejì, ó wà lẹ́nu ìyá arúgbó, ó sì wà ní ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí ó wà ní ìlú wọn. A kò kó o jọ, a kò sì kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Mo sì gbà pé àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ni iṣẹ́ yìí kàn ju ẹlòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà, fi nínú owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ra òròmọdìẹ. Ó kan ilé fún wọn, ó ń ra oúnjẹ fún wọn, ó sì ń gbá ẹsẹ̀ wọn ní òròòwúrọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọrùn, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, wọ́n ti kú tán àfi mẹ́ta. Lúkúlúkú ni. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́yin, tí ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́rin lọ sí ti Bàbá Tíṣà, ti ń sin adìẹ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Nígbà tí ó wá kí i kú àdánù, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kò ṣe ránṣẹ́ sí mi kí ọyẹ́ tó dé? Mo pò àjẹsára fún àwọn tèmi ní oṣù tí ó kọjá, èyí tí ó ṣẹ́kù, mo dà á nù ni.”

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí sọ dáadáa. Ìgò àjẹsára lúkúlúkú tí a ń pò mọ́ omi mímu fún adìẹ, ti ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Bí a bá sì ti ṣí i tí a pò ó, láàrin wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí ó ní ogún adìẹ tí ó dá ra ìgò kan yóò da èyí tí ó pọ̀ jù nù. Ẹni tí kò rà á rárá yóò da adìẹ nù. Ṣùgbọ́n bí ilé márùn-ún bá fi ọjọ́ kan sí i, tí wọ́n dá owó, tí wọ́n sì pò ó pọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣòfò. Oògùn yìí gan-an ń sọ fún wa pé iṣẹ́ adìẹ sísìn kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú àwọn nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbin ewédú lè fún irúgbìn sílẹ̀ kí ó má rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó hù. Yóò ní ẹni tí ó ta irúgbìn fún òun rẹ́ òun jẹ. Ìyá àgbà tí ó mọ iṣẹ́ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé èèpo irúgbìn ewédú le. A ní láti fi aṣọ di í, kí a rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a yára yọ ọ́, kí a sá a kí ó gbẹ, kí a tó fún un. Ẹni tí ó ń sin ewúrẹ́ ń da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù fún un ní ìfúnkúfùn-ún, kò mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, àti pé bí a bá sá a gbẹ dáadáa ni májèlé náà ń dín kù. Ẹni tí ó ń sin ìgbín kò mọ̀ pé ó nílò èèpo ẹyin tí a gún kúnná kí karawun rẹ̀ lè le, tàbí pé oúnjẹ àjẹkù tí ó ní iyọ̀ nínú ń pa á. Kò sí èyí tí ó jẹ́ awo nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan tàbí méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ gbólóhùn náà ní àkókò yóò pàdánù owó, yóò sì pa iṣẹ́ náà tì.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe yẹra fún irú àdánù báyìí? Gbogbo wa ni a ti kà nípa àáró àti ọ̀wẹ̀, a sì ti kọ ìdáhùn sí i nínú ìdánwò. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn dọ́gba yóò parapọ̀, wọn yóò ro oko ẹnì kan ní òní, ti ẹlòmíràn ní ọ̀la, títí yóò fi kárí. Iye ọjọ́ tí o fi bá mi ṣe ni èmi náà yóò fi bá ọ ṣe. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá wọ̀ lọ́rùn ni ó ń bẹ̀ ẹ́, yálà ilé ni ó fẹ́ kọ́ tàbí oko àna ni ó fẹ́ ro, yóò sì fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe àwọn ènìyàn lálejò. Nínú ìwé tí N. A. Fádípẹ̀ kọ nípa àwùjọ Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, ó mẹ́nu ba àwọn àṣà wọ̀nyí.

Ohun tí a kì í sábà kọ sínú ìdánwò ni pé àáró kì í ṣe ọ̀nà láti ro oko nìkan. Ilé ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú. Ọmọkùnrin tí ó bá ro oko ènìyàn méje ti rí ilẹ̀ méje. Ó ti rí bí ti ẹnì kan ṣe ta, ó sì ti rí ìdí tí ti ẹnì kejì fi rọ. Bí kòkòrò bá wọ oko ẹnì kan, àwọn mẹ́fà yòókù yóò rí i kí ó tó dé tiwọn. Àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé òde òní kò ní àáró. Ògiri ni ó yí i ká. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ògiri kejì kò hàn sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ó dá nìkan wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí. Òótọ́ ni pé ìjọba ti gbìyànjú. Láti ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́, bí irú èyí tí ó wà ní Ìlọrà àti Akùfọ̀. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ní ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ètò “Operation Feed the Nation” kalẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan sí àyíká ilé rẹ̀, wọ́n sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì síṣẹ́ oko ní àkókò ìsinmi gígùn. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé “Green Revolution” tirẹ̀ dé. Ètò ń rọ́pò ètò, orúkọ sì ń rọ́pò orúkọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ sí ibùdó àgbẹ̀ ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ètò ọdún 1976 kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Èmi kò ní fi àwọn ètò wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé èrò rere wà nínú wọn. Àléébù tí mo rí nínú wọn ni pé òkè ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí ọwọ́ òkè bá ká kúrò, kò sí ohun tí ó so àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pọ̀. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjọba tí ó dá a sílẹ̀, nítorí náà kò sí ìjọba tí ó lè fagi lé e.

Bí a bá yọjú wo ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀, a ó rí i pé ilẹ̀ fífún ènìyàn nìkan kò tó níbẹ̀ náà. Ní ọdún 1862, nígbà tí Abraham Lincoln jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan tí ó fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ilẹ̀ 160 éékà, bí ó bá lè gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kí ó kọ́lé sí i, kí ó sì dá oko sí i. Ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n lé kúrò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba ilẹ̀ náà ni kò lè pé ọdún márùn-ún lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò àti àdáwà lé wọn kúrò. Ní ọdún 1862 yẹn kan náà ni ìjọba wọn dá iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe òfin tí ó fi ilẹ̀ ṣe ìrànwọ́ fún dídá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 1914, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí ó mú kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí máa rán olùkọ́ lọ bá àgbẹ̀ ní oko rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ yẹn parí ní ọdún 1976, àfi ní Alaska tí ó wà títí di ọdún 1986. Kò sí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ wọn ṣì wà. Ẹni tí ó ń sin adìẹ mẹ́wàá ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ níbẹ̀ lónìí lè kọ ìwé sí wọn, kí wọ́n sì dá a lóhùn ní èdè tí ó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Ṣé àwa kò ní ibi ìmọ̀ ni? A ní i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí oko ìwádìí Moor Plantation ti wà ní Ìbàdàn. Ilé ìwádìí àgbáyé tí a ń pè ní IITA dé sí ìlú kan náà ní ọdún 1967. NIHORT, tí ó wà fún ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1975. Ní Abẹ́òkúta, a ní yunifásítì tí ó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ọdún 1988. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ jùlọ nínú ohun tí wọ́n ń rí ń gbà jáde.

Ẹ wo ìtàn kan tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń jẹ gàrí mọ̀. Ní ọdún bíi 1973, kòkòrò funfun kan tí ń mu oje ẹ̀gẹ́ yọ ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ó sì ń tàn kálẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ọ̀mọ̀wé kan láti Switzerland, Hans Herren, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IITA ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ronú pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ ni ọ̀tá kòkòrò náà yóò wà. Wọ́n rí agbọ́n tíntìntín kan ní Paraguay, tí ó ń yé ẹyin sínú kòkòrò yìí. Ní ọdún 1981 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, kòkòrò náà sì rọlẹ̀. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995 nítorí iṣẹ́ yìí.

Mélòó nínú àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Mọ́níyà, tí kò jìnnà sí ọgbà IITA, ni ó ti gbọ́ ìtàn yìí ní Yorùbá? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròfọ̀ lásán ni mo ń sọ. Ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ tí àgbẹ̀ lè lò ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò mọ̀ pé agbọ́n kan wà tí ó ń bá òun ṣọ́ oko, yóò máa fín oògùn sí gbogbo ohun tí ó bá ń fò, yóò sì máa fi owó ara rẹ̀ pa olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé nísinsìnyí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti ń fi ẹ̀rọ ìléwọ́ wá ara wọn rí, tí ẹnì kan ní Ìkòròdú ń bi ẹnì kan ní Adó-Èkìtì léèrè ohun tí ó ń ṣe ìgbín rẹ̀. Ohun tí ó dára ni, mo sì yọ̀ sí i. Àmọ́ àléébù méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà jẹ́ ti ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, tí kò bá òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa mu. Èkejì ni pé àwọn oníṣòwò ti wọ àárín wọn, àwọn tí ó ń pariwo pé ìgbín mẹ́wàá yóò sọ ènìyàn di olówó láàrin ọdún kan. Àáró ní òfin tí ó ń dènà irú èyí. Ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń rí oko ara wọn, ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kò sì lè purọ́ pé òun ṣe é. Bí ìmọ̀ yóò bá di àáró, ó yẹ kí ẹni tí ó gba ìmọ̀ràn padà wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú.

Àtakò kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní, “Àwa kò wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, lítíréṣọ̀ àti gírámà ni a wá kọ́.” Mo fẹ́ bi wọ́n pé, kí ni ewì, kí ni òwe, kí ni ẹsẹ Ifá, bí a bá yọ iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyẹ oko kúrò nínú wọn? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀bù àti ọ̀dọ́ iṣu yóò ka òwe tí ó wà nípa wọn bí ẹni ń ka èdè àjèjì. Orúkọ kòkòrò, orúkọ ilẹ̀, orúkọ àrùn ẹran, gbogbo wọn ni ó ń kú lọ pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà, bí wọ́n bá sì kú tán, kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí yóò jí wọn.

Àwọn mìíràn ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí sì wà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, òun ni ó sì fún wa ní ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń lò ní kíláàsì lónìí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Bí àwọn ọ̀gá wa bá lè wá ọ̀rọ̀ fún fóníìmù àti mọ́fíìmù, ṣé àwa kò lè wá ọ̀rọ̀ fún àrùn tí ń pa adìẹ Bàbá Tíṣà?

Àtakò kẹta ni èyí tí mo kà sí jù. Àwọn olùkọ́ wa kan yóò sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbàlagbà bá sọ ni òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń da epo pupa sí adìẹ lẹ́nu nígbà tí lúkúlúkú bá dé, kò sì gba ọ̀kan là. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ kó ọ̀rọ̀ jọ lásán. Bí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná àti irúgbìn ewédú ṣe jẹ́ òótọ́ lójú ìyá àgbà àti lójú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ síwájú àwọn tí ó lè dán an wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni mo ní fún ẹgbẹ́ wa yìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ sílé ní ìsinmi gígùn jókòó ti àgbàlagbà mẹ́ta ní ìlú rẹ̀, kí ó bi wọ́n nípa ohun ọ̀gbìn kan tàbí ẹran ọ̀sìn kan péré. Kí ó kọ orúkọ tí wọ́n ń pe kòkòrò àti àrùn rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tiwọn. Ohun tí Ìjẹ̀bú ń pè é lè yàtọ̀ sí ohun tí Èkìtì ń pè é, àgbẹ̀ sì nílò méjèèjì.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ìṣègùn ẹranko, kí a jọ máa jókòó lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Àwọn yóò sọ èyí tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ nínú ohun tí a kó wá. Àwa yóò bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí kò ju ojú ewé ogún lọ lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún: ewédú, ẹ̀gẹ́, adìẹ, ewúrẹ́ àti ìgbín. Nítorí àwọn tí kò lè kà, kí a ka ìwé náà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ. Ní ọdún 1859 ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá sọ fún wa lónìí pé títẹ ìwé pẹlẹbẹ ní Yorùbá le jù, kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí àwa fúnra wa dá àáró sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì wa. Ilẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́, koríko ni ó ń bo ó. Bí àwọn aláṣẹ bá yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ méje sì parapọ̀, tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yóò ti tó í já láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí yóò kọ̀wé nípa ebè gbọ́dọ̀ ti kọ ebè rí.

Mo mọ̀ pé ìwé pẹlẹbẹ kò lè mú owó gàrí wálẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ayálégbé tí onílé rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbin nǹkan kan ṣì wà nínú ìṣòro, ìjọba sì ní ẹrù tirẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ bá a gbé sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ tí kò ju yàrá kan lọ, tí ó ti ra irúgbìn, tí ó sì ti múra iṣẹ́, kò yẹ kí ó kùnà nítorí gbólóhùn ọ̀rọ̀ kan tí aládùúgbò rẹ̀ mọ̀. Ìsinmi gígùn kò ní pẹ́ dé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí a tó lọ, kí olúkúlùkù kọ orúkọ ìlú rẹ̀ àti ohun tí yóò béèrè sí i. Èmi ti mú ewédú.